Oorun Ọjọ́ Méjì Kì í Ṣe Ìwòsàn

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, mo ka lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Ẹ ní àbúrò yín, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23, ń lo áìsì, oògùn olóró tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ methamphetamine, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́. Ẹ ní ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ní fojú ba oorun, pé ó ti fi bébà bo gbogbo ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ nítorí àwọn tó ní wọ́n ń ṣọ́ òun, pé ó sì ti họ apá rẹ̀ di egbò torí kòkòrò tó ní ó ń rìn lábẹ́ awọ ara òun. Màmá yín mú un lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì nà án. Nígbà tó sùn fún ọjọ́ méjì gbáko, tó jí tó sì jẹun àjẹyó, gbogbo ilé dúpẹ́ pé ó ti rí ìdáǹdè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi padà sídìí oògùn náà. Ẹ wá ń bi mí bóyá kí ẹ dá a padà síbẹ̀, tàbí kí ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Oorun yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Oògùn yìí máa ń fipá tú èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde nínú ọpọlọ, èyí tó ń jẹ́ kí inú wa dùn sí oúnjẹ, sí iṣẹ́ àti sí ọ̀rẹ́, ní ìwọ̀n tó ju ohun tí ara lè ṣe fúnra rẹ̀ lọ. Fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, kì í rẹ ẹni tó lò ó, ebi kì í sì í pa á. Nígbà tó bá dáwọ́ dúró, ara yóò gba gbogbo gbèsè oorun àti oúnjẹ tó jẹ ẹ́, yálà wọ́n nà án tàbí wọn kò nà án. Lẹ́yìn oorun náà gan-an ni ewu ńlá wà: nǹkan kan kì yóò dùn mọ́ ọn nínú mọ́, ọkàn rẹ̀ yóò máa fà sí oògùn náà, èrò àtipa ara ẹni sì lè wọlé. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní àkókò yẹn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn ẹ̀fọn àti ti eku kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní tààràtà bóyá ó ń ronú àtikú. Bíbéèrè kì í fi èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn.

Ní ti àwọn tó ní wọ́n ń ṣọ́ òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí lójú tirẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìran bẹ́ẹ̀ máa ń lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti jáwọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn máa ń pẹ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ rí i. Dídè é mọ́lẹ̀ léwu púpọ̀, torí oògùn náà ti mú kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, ó sì ti mú kí ara rẹ̀ gbóná; ẹni tó bá ń jà nínú ìdè ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè kú. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí àyà bá ń dùn ún tàbí tí gìrì bá mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn kan náà.

Ní ìparí ọdún 2021, nígbà tí oògùn yìí, tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri ní ilẹ̀ Ígbò, gbòde níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan ń na àwọn tó ń lò ó ní gbangba. Mo kórìíra àṣà yẹn. Ẹni tí wọ́n nà yóò kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ ni.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, wà ní ìlú yín, wọ́n sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta náà ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Àjọ NDLEA pàápàá, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 080010203040, tí ẹ lè pè láti bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀. Kò tíì sí oògùn kan pàtó tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìwòsàn bárakú yìí; ìmọ̀ràn àti àbójútó fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó lè tún padà sídìí oògùn náà láàárín ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Ọpọlọ a máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ bí ó bá yàgò fún un fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sọ fún Màmá pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà; pásítọ̀ lè wá kí i ní ọsibítù.

Ẹ tún dárúkọ àbíkẹ́yìn yín, ọmọ ọdún 16, tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ó ti gbọ́. Ẹ má kàn sọ fún un pé òògùn náà ń ya ènìyàn ní wèrè, torí ẹni tó máa fi lọ̀ ọ́ yóò sọ pé á jẹ́ kó lè fi òru kàwé, ìyẹn á sì dà bí òótọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà yóò wá rò pé irọ́ ni ẹ pa fún òun. Ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: pé ó ń lé oorun lójú ẹni lóòótọ́, pé ẹnu á gbẹ, eyín á máa kẹ̀, ara á máa rù, àti pé ohun tó rí lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtilè ṣiṣẹ́ mọ́jú ni. Kí ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ sì dá a lóhùn láìbínú.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí dókítà bá ti rí i.