Dáì tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́

Ìbéèrè: A ń ti ọ̀pá alumíníọ̀mù gba inú dáì ECAP (irin tó ní ihò tó tẹ̀, tí a ń ti ọ̀pá gbà kó lè le sí i) oní 90°, igun ẹ̀yìn rẹ̀, níta ibi tó tẹ̀, ṣe ṣónṣó. Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá kì í le tó òkè?

Ìdáhùn: Igun ẹ̀yìn yẹn ni. Irin kì í kún un tán. Àlàfo a máa kù níbẹ̀, irin ìsàlẹ̀ á kàn tẹ̀ kọjá dípò kó gé yọ̀ lórí ara rẹ̀. Ẹ rẹ́ ẹ kó yípo díẹ̀, bíi 20°. Ìyàtọ̀ líle náà kò ní tán pátápátá o, nítorí náà ẹ máa yí ọ̀pá náà ní 90° kí ẹ tó tún tì í. Ẹ má sáré lọ sí dáì oní 120°: strain (ìwọ̀n bí ìrísí irin ṣe yí padà) ìtì kan á já láti nǹkan bí 1.1 sí 0.65. Magnésíọ̀mù tó ń sán ló yẹ irú ìyẹn.