Bí Ọmọ Mi Bá Béèrè Owó Ìrànwọ́, Ṣé Yunifásítì Amẹ́ríkà Á Ṣì Gbà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ń múra àtiwọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Nínú Common App tó ń kún, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀, wọ́n bi í bóyá yóò béèrè owó ìrànwọ́. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́hùn-ún ní kó kọ "rárá", pé tí wọ́n bá ti mọ̀ pé a ò lówó, wọn ò ní gbà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àlágbàká, bàbá rẹ̀ ń ṣe oko kòkó ní Ìdànrè. Kí ni kó kọ? (Òǹkàwé kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì lè sọ gbogbo làálàá ọmọ yìí di asán.

Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo àpò òbí rárá kí wọ́n tó mú ẹni tí wọn yóò gbà, ì báà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Àkúrẹ́. Dartmouth àti Bowdoin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ẹni tí wọ́n bá gbà, wọ́n á ṣírò ohun tí òbí rẹ̀ lágbára láti san, wọ́n á sì gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n wíwọ ibẹ̀ le koko, fún olówó àti tálákà.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yòókù ló máa ń wo ọ̀rọ̀ owó tó bá ti kan ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ibí ló ti ń dojú rú fún àwọn èèyàn wa: ilé-ìwé lè kọ ọ́ síta pé àwọn kì í wo àpò òbí, kó sì jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń bá wí. Stanford àti Cornell wà lára wọn. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ òkèèrè níwọ̀n. Tí ọmọ méjì bá dọ́gba, ó lè yá wọn lára láti mú èyí tí kò béèrè owó. Ohun tí àbúrò yín gbọ́ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká ní ó kọ "rárá", wọ́n sì gbà á. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ńlá, owó ọdún kan, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, ju 80,000 dọ́là lọ. Kí wọ́n tó fún un ní I-20, ìwé tí yóò fi gba físà, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ọdún àkọ́kọ́ wà nílẹ̀. Níbo lẹ ó ti rí i? Stanford sì sọ ọ́ gbangba pé ọmọ òkèèrè tí kò bá béèrè nígbà tó ń kọ̀wé wọlé kò lè béèrè mọ́ ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa lò. Òun nìkan kọ́ ló ní irú òfin yìí. Ó máa ń dùn mí gan-an láti rí ọmọ tó mú lẹ́tà ìgbàwọlé dání tí kò lè lọ.

Ẹ fi Berkeley àti UCLA, àwọn yunifásítì ìjọba ní California, sílẹ̀ ní tiwọn, wọn kì í fún ọmọ òkèèrè ní owó ìrànwọ́ nítorí pé òbí rẹ̀ kò ní.

Ìwé owó tó ń wọlé ni kí ẹ gbájú mọ́ báyìí. Tiyín rọrùn, ìwé owó oṣù yín ti tó. Ti kòkó ló gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lo CSS Profile, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mọ agbára òbí, náírà sì ni ẹ ó fi kọ iye owó síbẹ̀. Kí bàbá kọ iye àpò tó tà lọ́dún àti iye tó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó yọ owó lébìrà, owó oògùn tí wọ́n fín sí kòkó àti owó ọkọ̀ kúrò. Kó fọwọ́ sí i, kó fi rìsíìtì àwọn tó ra kòkó àti ìwé báńkì tì í. Bí òjò bá ba kòkó ọdún náà jẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bù ú kù, ẹ má bù kún un. Tí fọ́ọ̀mù àti ìwé báńkì ò bá bára mu, wọn ó bi yín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín kún FAFSA, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àtàwọn tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ ni ìjọba wọn ṣe é fún.

CSS Profile fúnra rẹ̀ ń gba owó, àmọ́ ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san. Àwọn kan máa ń fúnni ní kóòdù láti kún un lọ́fẹ̀ẹ́. EducationUSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, tó wà ní Èkó àti Àbújá, tún ní ètò Opportunity Funds tó ń bá ọmọ tó mọ̀wé tí òbí rẹ̀ kò lówó san owó ìdánwò àti owó fọ́ọ̀mù. Kó tètè kàn sí wọn.