Oyin orí lẹ́tà: kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o

Arábìnrin kan béèrè ìdí tí àwọn Júù fi ń kán oyin sórí lẹ́tà ábídí wọn, tí wọ́n á ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ lá a. Èsì tí ẹnì kan fún un bí mi nínú. Ó ní wọ́n ń fi tan ọmọ ni, bí ẹní fún un ní súìtì kó má baà sunkún. Ẹni tó sọ pé ìsọ̀yè ni tilẹ̀ sàn jù ú lọ, torí àwọn Júù Jámánì ayé àtijọ́ ń gbàdúrà lòdì sí ìgbàgbé lọ́jọ́ náà.

Mo ti bá àwọn Júù ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, mo sì fi ojú ara mi rí i. Ọmọ tó bá ń wọlé á fọwọ́ kan mẹ̀súsà, àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, á sì fi ẹnu ko ọwọ́ náà. Lọ́jọ́ oyin, olùkọ́ á na ìka sí lẹ́tà kan, ọmọ á pe orúkọ rẹ̀, ìgbà náà ló tó lè lá a. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tó gbé oyin sínú ṣíbí fún un. Orí lẹ́tà gan-an ni oyin wà. Ṣé bí a ṣe ń tan ọmọ nìyẹn?

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣí Esekieli orí kẹta: Ọlọ́run ní kí wòlíì jẹ ìwé kíká, ó jẹ ẹ́, ó sì dùn bí oyin lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò àṣà yìí wà. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, Eleazar, olùkọ́ ẹ̀sìn Júù kan ní ìlú Worms, lẹ́bàá odò Rhine ní Jámánì, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Ọjọ́ Ṣafúọ́tì ni, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí bí Mósè ṣe gba òfin ní Sínáì. Wọ́n á fi aṣọ bo ọmọ láti ilé kí ojú rẹ̀ má baà rí ohun àìmọ́ lọ́nà, wọ́n á gbé e lé itan olùkọ́, wọ́n á gbé wàláà tí lẹ́tà wà lára rẹ̀ síwájú rẹ̀. Á ka lẹ́tà tẹ̀ lé olùkọ́, á sì lá oyin orí wàláà. Kò tán síbẹ̀: wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ sára àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi oyin pò, àti sára ẹyin sísè tí wọ́n ti bó, ọmọ á sì jẹ ẹ́. Ta ló ń kọ ẹsẹ Bíbélì sára ẹyin nítorí pé ó fẹ́ tan ọmọ?

Mo mọ̀ pé Maimonides, ọ̀mọ̀wé wọn tó kú ní 1204, sọ pé olùkọ́ lè fi èso ọ̀pọ̀tọ́ tàbí oyin fa ojú ọmọ mọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló ń sọ ní tirẹ̀. Kò kan ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí.

Ó yẹ kó tètè yé àwa Yorùbá jù báyìí lọ. Ọmọ ilé kéú tó ti mu hàntú rí, omi tí wọ́n fi fọ ohun tí wọ́n kọ sí wàláà, mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ má fi oyin ìsọmọlórúkọ wé e o: kí ayé ọmọ dùn la fi ń wúre nídìí tiwa. Àní, tiwa yìí náà, ó dùn mí pé a ti ń sáré tọ́ ọ wò kí àsè lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ wa bá kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Owó yunifọ́ọ̀mù nìkan là ń rántí. Àwọn òbí míì kì í tilẹ̀ gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ti irun ọmọkùnrin tí àwọn Júù kan ń gé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 3, ibòmíràn ló ti wá. Lefitiku 19:23 ni wọ́n gbé e kà, níbi tí òfin ti ní kí a má jẹ èso igi fún ọdún 3 àkọ́kọ́; wọ́n fi ọmọ wé igi náà. Àwọn Hásídì, ẹgbẹ́ Júù kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gidigidi, ló mú un le jù. Ọjọ́ ìrungígé yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń fún ọmọ ní oyin orí lẹ́tà. Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń ṣe é.