Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àròjinlẹ̀ àti bí a ṣe ń gbèjà èrò nínú iṣẹ́ yunifásítì?

Àbúrò, o ní olùkọ́ yín kọ ọ́ sára iṣẹ́ rẹ pé ohun tí ìwé sọ nìkan lo ń tún sọ. Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ni èyí tí Stephen Toulmin, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là kalẹ̀ ní 1958: sọ èrò rẹ, mú ẹ̀rí wá, kí o sì fi ohun tó so méjèèjì pọ̀ hàn.

Ìwọ tó o wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ká ní o kọ ọ́ pé: "Ó yẹ kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀yọ́, torí jàǹbá ọkọ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀." O ti sọ ohun tí o fẹ́, o sì ti mú ẹ̀rí wá. Kí ló wá so méjèèjì pọ̀? Èrò pé ọ̀nà tóóró ló ń fa jàǹbá ni. O ò kọ ìyẹn sílẹ̀ rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti máa mú ọ. Ṣé kì í ṣe eré àsápajúdé ni? Àbí bíréèkì tó já? Wá ẹ̀rí fún ìsopọ̀ yẹn. Fúnra rẹ ni kí o sọ àtakò tó lágbára jù, kí o sì fèsì sí i. Bí ẹ̀rí ò bá tó, "ó ṣeé ṣe" ni kí o kọ, má kọ "òun ló fà á".

Jọ̀ọ́, má fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ GST 212 tó wà nínú ìlànà NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà. Lọ́jíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ronú lọ́nà tó tọ́, wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, máa ka ìròyìn kan lójúmọ́, kí o kọ ìsopọ̀ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ò sọ síta.