Èsì: Irú èèyàn wo ni mí?

Ẹ ní kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo fẹ́ràn. Ó dáa. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo ga, mo sì tín-ín-rín. Bí mo bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan. Oorun ni mo fẹ́ràn jù láyé. Bí fóònù bá dún láàárọ̀, màá nawọ́ pa á láìlajú, màá wá fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sin òkú. Mo fẹ́ràn orin, àmọ́ orin ò fẹ́ràn mi. Ìgbà tí mo bá ń wẹ̀ nìkan ni mo máa ń kọ ọ́, omi ò kúkú lè sá. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn tún fìdí rẹmi lánàá.