Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: A Ti Fi Ṣọ́ọ̀ṣì Sílẹ̀, Ṣùgbọ́n A Kò Fẹ́ Dá Wà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ méjì ni mo bí. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí èmi àti ọkọ mi ti dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ wá níbẹ̀. A jókòó, a bi ara wa léèrè, a sì rí i pé a kò gba ohun tí à ń kà sókè lọ́jọọjọ́ Ìsinmi gbọ́ mọ́. Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni bí ilé yóò ṣe pa lọ́lọ́ tó. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ọbẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nígbà tí mo bí èkejì, a ti kúrò, ọkọ mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ alẹ́ ni òun náà sì ń ṣe. A mọ tọkọtaya mẹ́rin mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn rí bíi tiwa. À ń gbèrò láti máa pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi, kí a máa kọrin, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ tó ní láárí, kí àwọn ọmọ máa ṣeré. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, àyà wa sì ń já. Ǹjẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dúró? Báwo ni kí a ṣe bẹ̀rẹ̀?
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ má baà rò pé mo fi nǹkan pamọ́: ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi ń lọ, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà èwe mi. Ẹ kò bi mí bóyá ó yẹ kí ẹ kúrò, n kò sì ní dáhùn ohun tí ẹ kò bi mí. Ohun tí ẹ bi mí ni bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dúró, ìlú tí ẹ ń gbé gan-an ni wọ́n sì ti dán an wò lójú gbogbo ayé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn aláwàdà méjì, Sanderson Jones àti Pippa Evans, pe àwọn ènìyàn jọ sí ilé kan ní Islington tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Wọ́n pe ìpàdé náà ní Sunday Assembly. Orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lórí rédíò ni wọ́n ń kọ, ẹnì kan a sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tàbí nípa ìgbésí ayé, wọn a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a mu tíì. Èrò rọ́ wá tó bẹ́ẹ̀ tí ilé náà kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì kó lọ sí Conway Hall. Kí ó tó pẹ́, ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti tàn dé Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Lọ́dún 2016, ó ti tó nǹkan bí 70. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 40. Ní New York, ìjọ wọn kò tíì dàgbà tí àwọn kan fi yapa, nítorí wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan bóyá kí wọ́n máa kéde pé àwọn kò gba Ọlọ́run gbọ́ tàbí kí wọ́n kàn máa ṣe àríyá wọn lọ.

Ní tèmi o, kì í ṣe àìsí Ọlọ́run ló mú kí púpọ̀ nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyẹn tú ká, nítorí àwọn kan wà tí wọn kò ní in tí wọ́n sì ti pẹ́. Conway Hall tí mo dárúkọ yẹn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1787 gẹ́gẹ́ bí ìjọ Kristẹni tó yapa, tó fi àdúrà sílẹ̀ nígbà tó yá, tó sì sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ ìwà rere. Ní New York bákan náà, Felix Adler, ọmọ rábì tí wọ́n ti ń retí pé kó jogún àga bàbá rẹ̀, kọ àga náà sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ Ethical Culture sílẹ̀ lọ́dún 1876. Àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe yóò dùn mọ́ yín: wọ́n gba àwọn nọ́ọ̀sì tí ń lọ tọ́jú àwọn aláìní nínú ilé wọn, wọ́n sì dá jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní.

Ẹni tó wá jókòó gbọ́ orin àti ọ̀rọ̀, òǹwòran ni. Bí kò bá wá lọ́sẹ̀ yìí, orin á lọ, tíì á hó, ẹnikẹ́ni kò sì pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá jẹ́ ọjọ́ tèmi láti gbé ọbẹ̀ lọ fún abiyamọ, tí n kò bá lọ, ebi ni yóò pa á. Ẹ tún lẹ́tà yín kà: ẹ kọ odindi gbólóhùn nípa ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ kò mẹ́nu ba ìwàásù kan ṣoṣo. Ó dun èmi akọrin díẹ̀ pé ẹ kò rántí orin pàápàá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ ọkùnrin àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké mìíràn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹgbẹ́ sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Àwọn àgbẹ̀ wa ní àáró: bí a bá bá ọ ro oko lónìí, o jẹ wá ní ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn san án. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá bíi òrùlé ilé tàbí oko àna, èyí tí ẹni tó pè é yóò fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe àwọn ènìyàn lálejò. Wọ́n ní èsúsú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde títí di òní, àwọn regberegbe tí ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí Ojúde Ọba jẹ́ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló ń jó nínú ẹgbẹ́ kan náà. N kò ní purọ́ fún yín pé àwọn baba wa kò fi ti Ọlọ́run tàbí ti òrìṣà ṣe nínú nǹkan wọ̀nyí, nítorí kò sí ìpàdé Yorùbá tí mo mọ̀ tí kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé okùn tó so wọ́n pọ̀ ni gbèsè ọjọ́ tí oníkálukú jẹ ẹnì kejì rẹ̀, okùn yẹn sì wà níbẹ̀ fún yín láti dì mú.

Nítorí náà, ẹ má tíì háyà gbọ̀ngàn. Ìdílé márùn-ún ti tó. Ẹ kọ ìwé ìpín ọjọ́, irú èyí tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ sí rota, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ta ni yóò gbé oúnjẹ wá bí ẹnì kan bá bímọ tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ta ni yóò lọ mú ọmọ nílé ìwé bí iṣẹ́ bá gùn, ta ni yóò sùn tì ẹni tí wọ́n pè láti ilé pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ṣe ìpàdé kankan tó ní ètò. Nígbà tí ẹ bá wá ń pàdé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ọ̀sán Sátidé sì dára ju òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi lọ, kí ọ̀rẹ́ yín tó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè wá láìṣe pé ó ń yan ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ orin kò rọrùn. Ẹ má ṣe mú orin ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀. Yóò dun ẹni tó gbà á gbọ́, kò sì ní dùn lẹ́nu ẹni tí kò gbà á gbọ́. Àlọ́ ni kí ẹ pa. Àlọ́ kò ní òǹwòran: ẹni tó bá ti dáhùn “ààlọ̀” ti wọ inú rẹ̀, orin inú rẹ̀ ní elégbè, àwọn ọmọ yín yóò sì fi gbọ́ Yorùbá, èyí tí mo rò pé ó ń já lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tí àìsí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi ojú yín hàn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ẹ lè fi oríkì rọ́pò rẹ̀: kí wọ́n ki ìdílé kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń fi pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbínú kì í pẹ́ tán, bí ó bá sì tán, kò ní sí ohun tí ẹ ó jọ máa sọ mọ́.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí ipò alága sì máa yípo lọ́dọọdún, nítorí mo ti rí ẹgbẹ́ tí kò ní wòlíì tẹ́lẹ̀ tó sọ alága rẹ̀ di wòlíì. Bí ẹ bá fẹ́ kí òfin kà yín sí ẹgbẹ́ aláàánú, tí owó tó ń wọlé bá sì kọjá 5,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú níbẹ̀. Ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí DBS fún un, èyí tó ń fi hàn bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Kí ọkọ yín sọ fún un kí ó tó wọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì jẹ́ ẹnu ọkọ yín ni yóò ti gbọ́ ọ. Bí ó bá dé, ẹ fi mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ lọ gbé e padà. Ohun tó máa ń ba irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́rù jù ni pé ta ni yóò sin yín, ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Ìsọmọlórúkọ, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé oyin, iyọ̀, orógbó, obì, àtaare àti omi kò tinú ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ní ti ìyókù, ẹ fi ìwé ìpín ọjọ́ náà hàn án. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó wá pa àlọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ǹjẹ́ irú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn wà ní Nàìjíríà? Ṣé òfin fàyè gbà á?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Ó wà, òfin sì fàyè gbà á. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún oníkálukú ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Abala 40 sì fún wa láyè láti kó ara jọ. Leo Igwe dá ẹgbẹ́ àwọn Humanist, ìyẹn àwọn tó gbà pé ènìyàn lè hùwà rere láìsí ẹ̀sìn, sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1996. Ìkẹ́nnẹ́ kò sì jìnnà sí ọ, níbi tí Tai Solarin ti dá Mayflower School sílẹ̀ lọ́dún 1956, lẹ́yìn tó fi ipò ọ̀gá ilé ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀. Kò sí ilé ìsìn nínú ilé ìwé rẹ̀. Ọkọ́ àti ìwé ni ó kó lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kọ àti ohun tí ojú ń rí kì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Wọ́n mú Mubarak Bala, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Humanist, ní Kàdúná lọ́dún 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ilé ẹjọ́ ní Kano rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24 lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dín in sí ọdún 5 lọ́dún 2024. Ṣàgámù kì í ṣe Kano, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ ṣì ń san owó ilé ìwé rẹ. Bá ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀ ná, ẹ máa kàwé pọ̀, kí ẹ sì dá àjọ kékeré tí yóò máa ran ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ nínú yín. Kò pọn dandan kí o kéde ohunkóhun nílé kí o tó ṣe èyí.