Pólíìṣì táyà lára bọ́ńpà, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọkọ̀, rárá

Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun o, bọ̀dá mi. Ẹ ní bọ́ńpà dúdú ara CR-V tókunbọ̀ tẹ́ ẹ rà ti ṣá, ó ti ń funfun, bẹ́ẹ̀ sì ni gálọ́ọ̀nù pólíìṣì táyà kan wà nílẹ̀ tí kò tíì tán. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fi ra bọ́ńpà náà, kẹ́ ẹ sì fi nu dáṣíbọ́ọ̀dù àti ike ara ilẹ̀kùn nínú. Ti bọ́ńpà, mo fọwọ́ sí i, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi omi pò. Ti inú ọkọ̀, ẹ má dán an wò, irú yòówù kó jẹ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ fífọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, mo sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọkọ̀ tẹ́nì kan ti fi irú pólíìṣì yìí "tọ́jú" ni wọ́n ń gbé wá bá mi pé kí n bá àwọn yọ ọ́ kúrò.

Oríṣi méjì ni pólíìṣì táyà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé kẹ́míkà tó wá láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n fi pò ó. Ó sábà máa ń ki, ó máa ń mọ́ gaara, tẹ́ ẹ bá sì ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn tínà tàbí kẹrosíìnì ló máa kọ́kọ́ lù yín nímú. Ẹ máa rí "petroleum distillates" tí wọ́n kọ sẹ́yìn ike rẹ̀, àti àwòrán iná pé ó lè gbiná. Èkejì, omi ni wọ́n fi pò ó: ó funfun, ó ń ṣàn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rùn. "Water-based" ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Òróró silicone ló sábà máa ń mú kí méjèèjì dán, ohun tó gbé òróró náà ló yàtọ̀. Omi á gbẹ lọ, kò ní bá ike tàbí rọ́bà jà. Kẹ́míkà epo rọ̀bì ò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa níhìn-ín kò ní àkọlé kankan. Ẹlòmíì á lọ ra kẹ́míkà l'Ójọ̀tá, á pò ó nílé, á rọ ọ́ sínú ike omi, ó di ọjà. Bí tiyín bá jẹ́ irú ìyẹn, ẹ bu omi sínú ife, kẹ́ ẹ kán díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀. Èyí tí wọ́n fi omi pò á tú ká, omi náà á funfun. Èyí tó jẹ́ ti epo rọ̀bì á léfòó, ẹ ó máa rí i lójú omi. Bó bá ti léfòó, ẹ má fi kan bọ́ńpà.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń mú bọ́ńpà yẹn funfun. Ike polypropylene ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀pọ̀ bọ́ńpà tí wọn kì í kùn lọ́dà. Oòrùn máa ń jẹ ojú ike náà díẹ̀díẹ̀ títí òkè rẹ̀ á fi máa bó bí ìyẹ̀fun, tí dúdú tó wà nísàlẹ̀ ò ní hàn mọ́. Bí pólíìṣì bá wọ inú ojú tó ti bó yẹn, á tún dúdú, àmọ́ kò wo nǹkan kan sàn. Òjò tó ń rọ̀ níbí, tó bá pọ̀ díẹ̀, á fọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó tún un ra. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó máa pẹ́, kó lọ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ike bọ́ńpà gan-an, irú tó ń gan sí ara ike. Owó rẹ̀ ju ti pólíìṣì táyà lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún yín, òun ló tọ́. Àwọn kan máa ń fi iná gbígbóná jó ojú ike náà kó lè dúdú. Ó máa ń dúdú lóòótọ́, oòrùn á tún jẹ ẹ́, bí iná náà bá sì pẹ́ jù lójú kan, bọ́ńpà á wọ́.

Nígbà míì, funfun tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe iṣẹ́ oòrùn rárá. Wáàsì tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà ọkọ̀ ló kó sínú àwọn ilà tínínrín ojú ike, ó sì gbẹ síbẹ̀. Torí náà, ẹ fọ̀ ọ́ ná. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa yí i roboto, kẹ́ ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ tún un ṣe bí omi tó ń ṣàn bọ̀ bá ṣì dọ̀tí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, títí kan ibi tí bọ́ńpà ti pàdé fẹ́ńdà, torí omi máa ń sápamọ́ síbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra á, ẹ má fọ́n pólíìṣì sára ọkọ̀ tààrà. Ẹ dà á sí fóòmù tẹ́ ẹ gé, ìwọ̀nba díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ra ike náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fún un ní ìsinmi díẹ̀ kó wọlé, lẹ́yìn náà ẹ mú aṣọ gbígbẹ, kẹ́ ẹ nù ún. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fò nìyẹn, torí pé bó bá ṣì ń rin, oníbàárà á rò pé ó dán. Ẹ fi ìka yín ra ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀. Bí ìka bá ṣì ń dán, ẹ ṣì ní iṣẹ́. Èyí tẹ́ ò bá nù kúrò, òjò àkọ́kọ́ ló máa wọ́ ọ sára ọ̀dà. Ẹ ó rí ilà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ funfun, gbogbo àdúgbò ló máa rí i.

Rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká náà lè jẹ nínú èyí tí wọ́n fi omi pò, ó dára fún un. Ṣùgbọ́n kí epo rọ̀bì má dé ibẹ̀. Irú rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní EPDM ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn, epo sì máa ń mú kó wú, kó rọ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé dáadáa mọ́, òjò á máa wọlé. Mo mẹ́nu bà á torí àwọn tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì tàbí epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú ra bọ́ńpà àti rọ́bà pọ̀. Ó máa ń dán títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta pólíìṣì kì í sọ. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ tún igun fẹ́ńdà tó kan bọ́ńpà kùn. Pénítà náà mọ iṣẹ́, ó ti fi sáńpépà ra á, ó ti fi tínà nù ún. Bí ọ̀dà ṣe bà á báyìí, ihò kéékèèké roboto bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀dà ń sún kúrò láàárín wọn, irin ìsàlẹ̀ ń hàn. Silicone ni. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ náà ti ń fọ́n pólíìṣì sí bọ́ńpà láìbo fẹ́ńdà, sáńpépà wá tún ń tì í wọnú sí i. Wọ́n ní láti họ gbogbo ẹ̀ kúrò. Èyí tí wọ́n fi omi pò náà ní silicone o, torí náà bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ kùn, ẹ sọ fún pénítà ṣáájú kó lè fọ ọ̀rá kúrò kí sáńpépà tó kàn án.

Ti inú ọkọ̀ ló ń bí mi nínú jù. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń dán, abẹ́ gíláàsì iwájú ló wà. Bí oòrùn ọ̀sán bá lù ú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù á hàn sí gíláàsì, ẹ ó máa wo títì láti inú rẹ̀. Nínú ooru, ohun tó wà nínú pólíìṣì náà á máa gbéra, á lọ lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì. Ẹ ó rí i lálẹ́ nígbà tí iná ọkọ̀ iwájú bá tàn sí yín: gíláàsì á ṣú, ẹ nù ún títí, ó ń fà ni. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku á lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí gààrí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó ní epo.

Ìyẹn ṣì kéré. Ìyá kan tó máa ń gbé ọkọ̀ wá fún mi lọ fọ̀ ọ́ níbòmíì lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó fọ̀ ọ́ fi pólíìṣì táyà ra sitiárìn, ó ra ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bíréèkì, ó ní kó lè dúdú. Ní oríta, màmá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ló gbà á. Kò séèyàn tó fara pa, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá gba ọmọ iṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún un ni pé sitiárìn, bíréèkì, ìjókòó àti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí a tó wọlé, pólíìṣì kankan ò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n.

Fún dáṣíbọ́ọ̀dù, aṣọ tó ní omi díẹ̀ àti ẹ̀kán ọṣẹ kan ti tó lọ́pọ̀ ìgbà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò máa gba oòrùn fún un, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pé ti inú ọkọ̀ ni, tí kì í dán, kẹ́ ẹ sì dà á sí aṣọ, ẹ má fọ́n ọn. Páálí tí wọ́n ń fi bo gíláàsì iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú oòrùn ṣe é láǹfààní ju gbogbo pólíìṣì lọ, lójú tèmi.

Bí ẹnì kan bá ti fi pólíìṣì táyà ra tiyín, ẹ má mú epo bẹntiróò tàbí tínà sún mọ́ ọn, wọ́n lè bó ojú ike náà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nínú àwọn ilà, aṣọ tó mọ́ láti fi nù ún. Ẹ ó tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gíláàsì ni kẹ́ ẹ nù kẹ́yìn.

Ẹ tún fiyè sí èyí, torí Camry 2007 tí à ń pè ní Muscle pọ̀ nílùú. Àwọn Camry kan láti 2007 sí 2011 wà tí dáṣíbọ́ọ̀dù wọn máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ooru, á máa dán, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ fi kún wárántì àwọn kan nínú wọn l'Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀. Wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi pé ẹni tó fọ̀ ọ́ ló fi nǹkan ra á, wọ́n á ti bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tó mọ́, tí oòrùn ọjọ́ kejì tún mú kó máa lẹ̀, kì í ṣe pólíìṣì, ike náà gan-an ló ń bàjẹ́. Ẹni tó ń rán awọ ìjókòó ọkọ̀ lè bá yín fi awọ bò ó, tàbí kẹ́ ẹ ra aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ kéré sí i.